Iye C: Bí Orí Ẹni Iwájú Ṣe Ń Pinnu Gíga Pápá Ìṣeré

Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ wo ìdíje eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ ní Adó-Èkìtì yóò ti rí bí àwọn tó tètè dé ṣe máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, tí àwọn tó pẹ́ dé á dúró lẹ́yìn wọn, tí àwọn tó kẹ́yìn pátápátá á sì gun orí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó lè rí nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn ìyá kan tó wé gèlè aṣọ òkè ni mo jókòó sí. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé lọ́jọ́ náà, etí ni mo sì fi gbọ́ ọ. Ìyá náà kò ṣẹ̀ mí rárá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n to àga sí ló fa gbogbo rẹ̀.

Ní pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù ìgbàlódé, ìwọ̀n kan wà tí àwọn ayàwòrán ilé gbọ́dọ̀ ṣírò kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì. Lẹ́tà C ni wọ́n fi ń pè é. Iye C ni àyè tó wà, lóòró, láàárín ojú ẹni tó jókòó níwájú àti ìlà tí ojú ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbà kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ibi tó ń wò. Ibi tí wọ́n máa ń mú gẹ́gẹ́ bí ibi tí à ń wò ni ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá tó sún mọ́ òǹwòran jù lọ, nítorí pé ẹni tó bá rí ìlà yẹn kò ní ṣaláì rí gbogbo èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Láti ojú ènìyàn dé àtàrí rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Nítorí náà, bí C bá jẹ́ 12, ẹni ẹ̀yìn ń wo òkè orí ẹni iwájú kọjá láìna ọrùn. Sẹ̀ǹtímítà 9 ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lépa. Bí ó bá jẹ́ 6, àfi kí ènìyàn máa yọjú láàárín orí méjì, èyí ni wọ́n sì kà sí ìpẹ̀kun ohun tí a lè fara mọ́. Níbi tí àwọn òǹwòran bá ti ń dé fìlà, 15 ni wọ́n ń ṣírò. Èrò mi ni pé nílẹ̀ Yorùbá, tí abetí ajá àti gèlè kì í wọ́n níbi ayẹyẹ, ìwọ̀n ti onífìlà yìí ló yẹ kí a máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò náà kò le. A ó fi gíga ojú ẹni ẹ̀yìn sọ ìlọ́po jíjìnnà ẹni iwájú sí ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá, a ó fi jíjìnnà ẹni ẹ̀yìn pín in, a ó wá yọ gíga ojú ẹni iwájú kúrò. Ká ní ojú ẹni iwájú jìnnà sí ìlà náà ní mítà 20, tó fi mítà 6 ga ju koríko lọ, tí àtẹ̀gùn ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, C yóò lé díẹ̀ ní 15. Bí ó bá jẹ́ 30, C kò ní pé 6. Sẹ̀ǹtímítà 10 péré ló wà láàárín ẹni tó rí eré àti ẹni tí kò rí i. Àmọ́ 10 yẹn lórí ìlà ìjókòó 40 ti di mítà 4 tí gbogbo ilé náà yóò fi ga sí i, owó kọnkéré àti irin rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, ìdí nìyí tí ọwọ́ fi máa ń yá àwọn kan láti gé e kù.

Ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ni pé àtẹ̀gùn tó ga bákan náà láti ìsàlẹ̀ dókè kò fún gbogbo ènìyàn ní ìwòran kan náà. Ẹ jẹ́ kí ojú ẹni tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ jìnnà ní mítà 8, kó ga ní mítà 2, kí àtẹ̀gùn fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, kó sì ga ní 30. C tó wà láàárín ìlà kìíní àti ìkejì jẹ́ 9. Ẹ gun ìlà 20 sí i lórí àtẹ̀gùn kan náà, C ti di 3. Bí a bá ṣe ń gòkè ni ìlà ìwò ń súnmọ́ orí ẹni iwájú. Nítorí ìdí yìí ni àtẹ̀gùn pápá ìṣeré tí wọ́n ṣe dáadáa fi ń ga sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tí ìrísí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fi tẹ̀ bí inú igbá dípò kó nà tààrà bí òrùlé páànù.

Títẹ̀ náà ní ààlà. Wọn kì í fẹ́ kó dagun ju dígírì 34 lọ, torí pé ẹni tó bá kọsẹ̀ lókè lè ṣubú dé iwájú. Jíjìnnà náà ní ààlà tirẹ̀: mítà 190 sí igun pápá tó jìnnà jù ni wọ́n fi ṣe òpin, nítorí pé bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 kì í fẹ́ hàn mọ́ kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí kàn wá ní Èkìtì gan-an. Orúkọ sárésáré ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré tó wà ní Adó, ìyẹn olóògbé Olúyẹmí Káyọ̀dé, tó wà lára àwọn tó gba fàdákà nínú eré ìfọ̀págbà-fúnra-ẹni 4 x 100 mítà ní Barcelona ní 1992, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ kí eré sísá kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀nà eré sísá tó pín sí ojú ọ̀nà 8 yí pápá bọ́ọ̀lù onímítà 105 sí 68 ká, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ilé góòlù yóò jìnnà sí i ní nǹkan bíi mítà 35. Kò sí iye C tó lè tún ìyẹn ṣe. Tí agbára bá wà, kí a ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ohun tí a ní tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní ni òkè. Ní Braga, lórílẹ̀-èdè Pọtogí, inú ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ ni ayàwòrán Eduardo Souto de Moura gbé pápá ìṣeré kalẹ̀ sí. Wọ́n ṣí i ní 2003, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ni ìjókòó wà, àpáta gìrìwò ló sì dúró lẹ́yìn ilé góòlù kan. Ẹni tó bá mọ Ìkéré, tó ti wo Olósùnta láti ìsàlẹ̀, yóò mọ̀ pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lè ru ìjókòó láìsí òpó rẹpẹtẹ, bí a bá gbẹ́ ẹ kó tẹ̀ bó ṣe yẹ, tí a sì la ojú àgbàrá fún òjò kó má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ.

Níbi tí kò bá sí òkè, òpó kọnkéré tó dagun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eyín ayùn, ni wọ́n ń gbé ró, wọ́n á wá gbé àtẹ̀gùn tí wọ́n ti rọ sílẹ̀ lé eyín náà. Tí wọ́n bá ti rọ eyín yìí tán, kò sí bí a ṣe lè fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún ọ̀kan láìtú gbogbo èyí tó wà lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi àwòrán pápá ìṣeré tuntun han ará ìlú, àwòrán òde tó kún fún iná àti àsíá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ́. Èyí tó yẹ kí a béèrè ni àwòrán tó gé ilé náà láàárín, tó fi àtẹ̀gùn hàn láti ẹ̀gbẹ́, kí a sì wo iye C tó wà ní ìlà òkè pátápátá, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ kù.