Yúrétà ló kọ́kọ́ jẹ́rìí: ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀ nípa iṣan tó ń dá súnkì

Bí ẹ bá bi àwọn onímọ̀ nípa ara pé ibo ni wọ́n ti mọ̀ pé ìsúnkì lè ti ara sẹ́ẹ̀lì iṣan kan bọ́ sí ara èkejì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ, ọkàn ni ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ. Mi ò gbà. Yúrétà ló ni ipò yẹn, ọ̀pá tínrín tó ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lọ lára àgbàlagbà.

Láyé àtijọ́, àwọn kan kò tilẹ̀ kà á sí. Asclepiades, oníṣègùn ará Bítínì, ní ṣe ni omi ń di ooru bíi ti omi tó ń hó nínú ara, tí yóò sì padà di omi nínú àpò ìtọ̀. Galen, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Págámù ní nǹkan bí ọdún 129, kò fi ẹnu lásán jà á níyàn. Ó la ikùn ẹranko tó wà láàyè, ó fi okùn so yúrétà. Òkè ibi tó so kún, ó wú, àpò ìtọ̀ sì ṣófo. Nígbà tó tú okùn náà, ìtọ̀ ṣàn wọlé. Ó tún rí i pé ìtọ̀ kì í padà sókè, nítorí yúrétà fẹ̀gbẹ́ wọ ara àpò ìtọ̀ ni, kò wọ̀ ọ́ tààrà.

Èmi gbà pé Galen rí ìsúnkì náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣí yúrétà sílẹ̀ lára ẹranko tó ń mí, yóò rí ìgbì tó ń sáré láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Galen ní ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lágbára láti fa nǹkan mọ́ra, láti dì í mú, láti yí i padà àti láti lé e jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú un ronú kan agbára ìléjáde yìí. Mi ò rí ẹ̀yà ara tó fi í hàn kedere tó yúrétà.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Albrecht von Haller, onímọ̀ nípa ara, sọ pé iṣan ní agbára ìsúnkì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ kò ṣàlàyé bí ìgbì ṣe ń rìn. Ẹni tó ṣe é ni Theodor Wilhelm Engelmann, ọmọ Leipzig tó ń ṣiṣẹ́ ní Utrecht, nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1869. Yúrétà ehoro ló lò. Ó yẹ àárín rẹ̀ wò, kò rí sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù (okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ rìn nínú ara) kan níbẹ̀, síbẹ̀ ìgbì ń kọjá. Ó fọwọ́ kan àárín náà, ìgbì sì gba ọ̀nà méjèèjì lọ, òkè àti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ pé sẹ́ẹ̀lì iṣan ló ń jí ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ àti Gaskell, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá fi èrò yìí ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń lù. Engelmann kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, bẹ́ẹ̀ Sydney Ringer, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kò tíì fi han ayé pé iṣan tí a yọ kúrò lára nílò kálísíọ̀mù nínú omi tí a fi sí. Èyí wá ní 1883.

Ní ti àwọn tó ṣì ń sọ pé nẹ́ẹ̀fù ló ń darí ìgbì náà, ìdáhùn wọn ti wà ní Boston láti December 23, 1954. Ọjọ́ yẹn ni Joseph Murray, dókítà oníṣẹ́ abẹ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kíndìnrín ìbejì kan sí ara èkejì. Wọ́n ti gé nẹ́ẹ̀fù rẹ̀, síbẹ̀ ìtọ̀ dé àpò ìtọ̀.

Emil Bozler, onímọ̀ nípa ara, ní 1942, ka iná mànàmáná tó ń ga díẹ̀díẹ̀ lára yúrétà kí ìsúnkì tó dé. Ní ẹ̀wádún 1970, àwọn onímọ̀ Gosling àti Dixon tọ́ka sí àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yàtọ̀, lókè níbi tí ìtọ̀ ti ń jáde láti inú kíndìnrín. Àwọn ló ń bẹ̀rẹ̀ ìgbì. Apá òkè ń dá súnkì; bí a bá gé apá àárín sọ́tọ̀, ó sábà máa ń dákẹ́ títí tí nǹkan yóò fi ru ú sókè, bí ìgbà tí a bá nà án.

Oògùn kì í bá gbogbo apá yúrétà lò bákan náà. Yúrétà wà lára ẹ̀yà ara tí Raymond Ahlquist, onímọ̀ nípa oògùn, gbé kalẹ̀ ní 1948, nígbà tó pín ibi tí adrenaline (èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù) ti ń dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì sí alfa àti bẹ́tà: alfa ń mú un súnkì. Bẹ́tà ní tirẹ̀ ń dẹ̀ ẹ́. Alfa pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀, nítòsí àpò ìtọ̀, níbi tí òkúta kíndìnrín ti máa ń há.

Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fún aláìsàn ní tamsulosin, tó ń dí alfa, tàbí nifedipine, tó ń dí ọ̀nà kálísíọ̀mù. Ìwádìí ńlá kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2015 lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 1,100, rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo tamsulosin ni kò nílò ìtọ́jú mìíràn. 80 fún nifedipine, 80 fún àwọn tó lo oògùn òfìfo. Lójú tèmi, dídẹ apá ìsàlẹ̀ nìkan kò tó: ìgbì tó ń ti òkúta bọ̀ wá láti òkè ni, oògùn tó ń dí alfa kò sì fi agbára kún un.