Ògbufọ̀ ni, kì í ṣe "olùyípadà irú"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "olùyípadà irú" sílẹ̀ bí orúkọ "type converter", apá ètò tó ń sọ ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù di nọ́ńbà tàbí ọjọ́ tí ètò lè lò. Ẹni tó bá gbọ́ "yípadà" ní Àkúrẹ́ níbí, ẹlẹ́ṣẹ̀ tó fi ọ̀nà búburú sílẹ̀ ló máa rò. "Kọ̀ńfátà" náà kò sàn jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn oníná ni, kò sì là wá lójú.

Ògbufọ̀ ni mo pè é, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́. Ẹ wo kóòtù. Bàbá àgbẹ̀ kan wá jẹ́rìí láti Ìdànrè, ohùn Ìdànrè ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù ń kọ sílẹ̀. Ògbufọ̀ dúró láàárín. Ó gbọ́ ti bàbá, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ béèrè, ó dá a padà sí Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, kò gbọdọ̀ hùmọ̀ tirẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ tún un wí." Kì í sì í dájọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí wẹ́ẹ̀bù. Ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, lẹ́tà lásán ló ń bá dé ọ̀dọ̀ sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ṣe fọ́ọ̀mù fún àwọn tó ń ra kòkó: àpò kan kílò 62, èkejì 64. Àròpọ̀ tó jáde ni 6264. Python, èdè tó fi kọ ètò náà, kò ṣìṣe. Ọ̀rọ̀ méjì ló rí, ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ náà ń mú un tààrà nínú request.POST, níbi tí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wà bó ṣe dé, ẹ̀yìn ògbufọ̀ ló gbà kọjá. IntegerField, ojú nọ́ńbà nínú Django (irinṣẹ́ Python fún iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù), ní ògbufọ̀ tirẹ̀, to_python. Inú cleaned_data, níbi tí ohun tí ògbufọ̀ ti túmọ̀ wà, ni kí ẹ ti máa mú èsì. Symfony, irinṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ti èdè PHP, pín tirẹ̀ sí transform àti reverseTransform, àlọ àti àbọ̀. Ìdí nìyí tí "asọ̀rọ̀dòǹkà" tí àwọn kan tún gbé dé kò fi tó: àlọ nìkan ló mọ̀, ọjọ́ kì í sì í ṣe òǹkà.

Ọjọ́ gan-an ni kí ẹ ṣọ́. 03/04/2025: lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Bí ẹ kò bá yí ètò Django, ti Amẹ́ríkà ló máa kà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní pariwo. Ẹ kọ input_formats=["%d/%m/%Y"] sí ojú ọjọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́, oṣù, ọdún.

Bí ẹnìkan bá kọ "ọgọ́ta" sójú kílò, ògbufọ̀ á dá fọ́ọ̀mù padà, ohun tó kọ á ṣì wà níbẹ̀ kó lè tún un ṣe. Bó bá kọ -62 ńkọ́? Ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀ láìjanpata, nọ́ńbà ṣáà ni. Validator, olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni adájọ́, min_value=1 ni yóò fi dá a nù.