Ìbọn tí sójà Amẹ́ríkà ń gbé kì í ṣe tiẹ̀ o

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣe sójà ní Amẹ́ríkà á ti gbọ́ ọ rí, ó sì ṣeé ṣe kóun náà ti sọ ọ́ rí: pé ìbọn tí wọ́n fún un wà nínú wọ́dúròòbù ẹ̀ nílé, pé ìjọba ló fún un lọ́fẹ̀ẹ́, pé tó bá tún fẹ́ òmíì á kàn wọ ṣọ́ọ̀bù, á fi àídì káàdì hàn wọ́n, wọ́n á sì gbé e fún un, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Èmi tí mò ń wọ yunifọ́ọ̀mù yìí, ẹnu mi ti fẹ́ẹ̀ẹ́ bó lórí àlàyé yìí, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Mi ò bá wọn wí o. Ẹni tó dàgbà sí Nàìjá, sójà tó ń rí lójú títì, ìbọn wà lọ́rùn ẹ̀ ṣáá ni, ní chẹ́kípọ́ìntì, lẹ́yìn Hilux, níwájú ilé ọ̀gá, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ń gbé e pa mọ́ sí? Àwọn orílẹ̀-èdè kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ní Switzerland, àwọn ará ìlú tó ń ṣe iṣẹ́ ológun máa ń gbé ìbọn ìjọba lọ sílé, àfi pé láti 2007 wọ́n ti gba ọta tó wà lọ́wọ́ wọn padà. Ní Israel, ẹ máa rí ọmọ tí ò ju ogún ọdún lọ nínú bọ́ọ̀sì, ìbọn gbọọrọ lẹ́yìn ẹ̀, ó ń lọ kí ìyá ẹ̀ ní wíkẹ́ńdì. Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìbọn, ti sójà tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

M4, ìbọn gbọọrọ kan, ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ wa, inú arms room, yàrá tí wọ́n ń ti ìbọn mọ́, ló sì ń gbé. Kóńpínì, ìyẹn ẹgbẹ́ sójà, kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ilẹ̀kùn irin, álààmù, fèrèsé kékeré kan tí wọ́n ń gbà na ìbọn síta. Lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ lò ó a máa tò láàárọ̀ kùtù hàì, wàá na káàdì ẹ sí ẹni tó wà nínú, orúkọ ẹ àti nọ́ńbà ìbọn ló wà lára káàdì náà, á gbé ìbọn fún ẹ, wàá ka nọ́ńbà ara ẹ̀ sókè kó gbọ́, káàdì ẹ ló sì máa jókòó síbẹ̀ dípò ìbọn títí wàá fi dá a padà. Tó ò bá ní káàdì, o ò ní ìbọn nìyẹn, bó o tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́.

Dídá a padà gan-an niṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi wákàtí méjì yìnbọn, ẹ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Gbogbo èèyàn á jókòó sílẹ̀, wọ́n á tú ìbọn palẹ̀, cotton bud tí wọ́n fi ń nu etí, báébì wáìpùsì, burọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àti òróró CLP tí òórùn ẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ èèyàn bọ̀rọ̀. Wàá nù ún títí wàá fi rò pé ó ń dán, wàá gbé e dé fèrèsé, ẹni tó wà níbẹ̀ á ti ọmọ-ìka ẹ̀ kékeré bọ inú ibi tí bolt, irin tó ń ti ọta wọlé, ń wọ̀, á fà á yọ, á gbé e sókè sí ẹ ní dúdú, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn tún gbé ìbọn náà padà fún ẹ. Mo mọ sájẹ́ǹtì tí wọ́n dá padà bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn sójà abẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n ń ṣe báyìí fún lẹ rò pé wọ́n máa jẹ́ kó gbé e wọ mọ́tò lọ sílé?

Ọta tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi ìdánwò ìbọn yíyìn, ọta ogójì ni wọ́n ń kà fún ẹ fún tágẹ́ẹ̀tì ogójì, láti mítà 50 dé 300, o gbọ́dọ̀ ba 23 ó kéré tán kó o tó yege, ẹni tó bá ba 36 sókè ni wọ́n ń pè ní expert. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa ìkarahun ọta tẹ́ ẹ ti yìn bí ẹni ń ṣa obì, ẹ ó sì wá dúró níwájú ọ̀gá, ẹ ó tú àpò sókòtò síta, ẹ ó pariwo "no brass, no ammo", pé kò sí ìkarahun, kò sí ọta lọ́wọ́ yín, kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ kúrò lórí pápá. Ọta kan ṣoṣo tí wọ́n bá bá ní bárékè lọ́wọ́ ẹ, wàhálà ni. Tó bá wá jẹ́ ìbọn ló sọnù, háà, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé mọ́ nìyẹn, wọ́n á ti gbogbo ibẹ̀ pa, wọ́n á ní ká tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wa ká máa rìn gba inú igbó kọjá, ojú wà nílẹ̀, lóru, nínú òjò, títí wọ́n á fi rí i.

Ibi tí ìbọn ti ń wà lára sójà tọ̀sán tòru ni ojú ogun. Àwọn tó lọ Iraq àti Afghanistan, wọ́n ń gbé e lọ síbi oúnjẹ, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìgbẹ́, dúrọ́ọ̀mù oníyanrìn á sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wàá kọ́kọ́ tọ́ka ẹnu ìbọn sínú ẹ̀ kó o fi hàn pé kò sí ọta nínú ẹ̀ kó o tó wọlé lọ jẹun. Fọ́tò ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń rí lórí Facebook. Bí wọ́n bá ti padà dé Amẹ́ríkà, ìbọn á padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin.

Ó dáa, ìbọn ìjọba kì í ṣe tiẹ̀, ó wá fẹ́ ra tara ẹ̀ ńkọ́? Owó ara ẹ̀ ni, kọsítọ́mà bíi tàwọn yòókù ni. Á kọ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 4473, ìbéèrè kún inú ẹ̀: ṣé ìwọ lo fẹ́ rà á fún ara ẹ, ṣé wọ́n ti dá ẹ lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá rí, ṣé ò ń mu igbó, kódà tí ìpínlẹ̀ ẹ bá gba igbó láàyè, lójú ìjọba àpapọ̀ wàhálà ṣì ni. Oníṣọ́ọ̀bù á fi orúkọ ẹ ránṣẹ́ sínú ètò àyẹ̀wò FBI tó ti wà láti November 1998, wọ́n á ní kó máa tà á, tàbí kó dúró ná, tàbí kó má tà á rárá. Mo ti wà lórí ìlà pẹ̀lú ọ̀gá kan tó ní ribọ́ọ̀nù kún àyà, "dúró ná" ni wọ́n sọ fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kó pizza kiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gba tiẹ̀ ó lọ.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ti ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 18 lè wọṣẹ́ sójà, kí wọ́n gbé ìbọn tó ń yìn léraléra lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ 1968 ní oníṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí ò tíì pé 21, sójà o, kì í ṣe sójà o. Àwọn èèyàn ti gbé òfin yẹn lọ kóòtù, ẹjọ́ pọ̀ lórí ẹ̀. M4 fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà fún títà? Rárá o. Láti May 1986 ni òfin ti ní ìbọn tó ń dá yìn léraléra tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ò gbọdọ̀ dọ́wọ́ ará ìlú mọ́. Èyí tẹ́ ẹ ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù tó jọ ọ́, AR-15 ni, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá fà á, ọta kan ló ń jáde.

Kí n má parọ́, àwọn nǹkan kékeré kan wà tá à ń jẹ. Ilé iṣẹ́ ìbọn kan àti ṣọ́ọ̀bù kan máa ń dín owó kù fún sójà. Òfin náà sì mọ̀ pé wọ́n ń gbé wa kiri, nítorí náà sójà tí wọ́n pọ́sìtì sí Texas lè ra ìbọn ní Texas bí ẹni tó ń gbé níbẹ̀, tó bá ti mú ìwé pọ́sítìn ẹ̀ dání, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Maryland ló wà lórí láísẹ́ǹsì mọ́tò ẹ̀. Kò jùyẹn lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lórí físà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn. Ẹni tó wà lórí físà onígbà díẹ̀, bíi ti sítúdẹ́ǹtì, kò lè rà á, àfi àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Láti 2009 di 2016, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní MAVNI tó ń gba àwọn tí ò ní green card sí iṣẹ́ ológun tí wọ́n bá gbọ́ èdè tí ìjọba ń wá, Yorùbá wà nínú àwọn èdè yẹn. Ẹ wá wò ó, ọmọ Ìbàdàn tó wọlé pẹ̀lú físà sítúdẹ́ǹtì lè máa yin ìbọn ìjọba lórí pápá láàárọ̀, kó má sì lè ra ìbọn ìléwọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ pé "bá mi ra ọ̀kan, ṣebí sójà ni ẹ́", ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ẹlòmíì ra ìbọn fún un, tó wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun lòun ni ín, ti parọ́ fún ìjọba. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ní Virginia ṣe é fún àbúrò òbí ẹ̀, torí pé ọlọ́pàá ń rí i rà ní owó pọ́ọ́kú, ẹni tó rà á fún gan-an sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn, kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn. Ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jù ní 2014, ó pàdánù ẹ̀. Láti 2022 wọ́n tún ti ṣe òfin tó lè gbé ẹni tó bá ń ra ìbọn fún ẹlòmíì báyìí lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15.

Ìwà ilé náà ń bẹ nínú ẹ̀. Láti 1996, ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó ẹ̀, bó ṣe wù kí ẹ̀sùn náà kéré tó, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn mọ́, wọn ò sì yọ sójà sílẹ̀, ìbọn ìjọba pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbé e, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ètò náà máa ń jò o. Ọkùnrin tó pa èèyàn 26 nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sutherland Springs ní Texas ní 2017, iṣẹ́ ológun òfuurufú ló ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dá a lẹ́bi níbẹ̀ pé ó lu ìyàwó àti ọmọ, àmọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ ò fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí FBI, bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ra ìbọn nìyẹn, kọ̀ǹpútà ń sọ pé kò sí nǹkan.

Tó o bá wá rà á tán, níbo lo máa gbé e sí? Ẹni tó ń gbé nínú bárékè, arms room kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba ni wọ́n á tì í mọ́. Ẹni tó ń gbé níta lè fi í sílé ẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ fi í sábẹ́ aṣọ wọ géètì bí ẹni pé kò sí nǹkan, bí ìpínlẹ̀ tó wà tiẹ̀ gbà á láyè níta. Lọ́jọ́ 5 oṣù kọkànlá 2009, nígbà tí sójà kan dojú ìbọn kọ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Fort Hood, ibùdó sójà kan ní Texas, tó pa èèyàn 13, ìbọn lọ́wọ́ àwọn sójà tó wà nínú ilé yẹn, kò sí. Èyí tó lò, ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú Killeen ló ti rà á bí gbogbo èèyàn ṣe ń rà á. Láti 2016 kọ́mándà lè fún ẹnì kan láàyè láti gbé tiẹ̀.

Àwọn kọ́mándà tó gbọ́n, M4 kọ́ ló ń já wọn láyà, ìyẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọdún méjìlélógún tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ọ̀pọ̀ sójà tó ń pa ara wọn, ìbọn ni wọ́n ń lò, ìbọn tí wọ́n fowó ara wọn rà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti rí sájẹ́ǹtì tó lọ sílé sójà abẹ́ ẹ̀ kan láago méjì òru, tó ní "gbé e fún mi, màá bá ẹ tọ́jú ẹ̀", tí wọ́n jọ gbé e lọ tì mọ́ arms room. Kò sẹ́ni tó fún un ní médà.

Ó ku àwọn tó ní kí n fi ìbọn ìléwọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, sáàárín ìrẹsì àti aṣọ, kí n fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ìbọn ò gbọ́dọ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà láìsí ìwé àṣẹ. Òfin ìbọn Nàìjíríà tó ti wà láti 1959, ṣakabùlà baba ọdẹ pàápàá ń béèrè láísẹ́ǹsì, ti ìbọn ìléwọ́ sì ju ìyẹn lọ, Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra ẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti gba ìwé Ààrẹ, kó fi ránṣẹ́ sí mi, ká wá máa sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, bàtà àti ọṣẹ ló máa wà nínú dúrọ́ọ̀mù yín.