Ẹ Dá Tẹ́mósítáàtì Yẹn Padà Sáyè Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré àtijọ́ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ àwa mẹkáníìkì pé ó ń gbóná ni kò ní tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń ṣàkóso omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára, nínú mọ́. Ẹnìkan ti yọ ọ́ sọnù. Bí a bá bi onímọ́tò, á ní ẹni tó ń bá òun tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ló sọ pé kò wúlò, pé òun gan-an ló ń dí omi lọ́nà, àti pé bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á máa lọ fàlàlà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Irọ́ ni.

N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń fa gééjì ọ́ìlì yọ tàbí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà níbí. Ẹni tó bá ń wa Golf, Polo, Fiesta, Micra, Jazz, Yaris tàbí Peugeot 206 àtijọ́ lójoojúmọ́ tí kò mọ ìyẹn, kó lọ ka ìwé tí wọ́n fi bá mọ́tò náà wá. Ohun tó ń pa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ooru sì ni. Ẹ́ńjìnì wọn kéré, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ tọ́ọ̀pù síléńdà wọn, ìyẹn irin tó bo orí ẹ́ńjìnì, omi tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju lítà 4 sí 6 lọ. Bí lítà 1 péré bá jò dànù nínú èyí tó ń gba lítà 5, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń tù ú lára ti lọ nìyẹn.

Tẹ́mósítáàtì jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tí ìda wà nínú rẹ̀. Bí omi ẹ́ńjìnì bá gbóná dé nǹkan bí 82°C sí 88°C, ìda náà á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tí omi bá fi máa dé nǹkan bí 95°C, ó ti ṣí tán. Kó tó ṣí, omi kì í dé ráńdíétọ̀ tó wà níwájú mọ́tò, níbi tí atẹ́gùn ti ń tu omi lára, inú ẹ́ńjìnì ló máa ń yí po kí ara ẹ́ńjìnì lè tètè móoru. Títí dé ibí yìí, kò sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn. Èyí tí àwọn a-mọ̀-ọ́n-tú-má-mọ̀-ọ́n-dè kò mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, tẹ́mósítáàtì ní àwo kejì nísàlẹ̀. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láìkọjá sí ráńdíétọ̀, àwo ìsàlẹ̀ yẹn ló sì ń dí i bí ilẹ̀kùn òkè bá ti ń ṣí. Ẹ yọ tẹ́mósítáàtì kúrò, ọ̀nà méjèèjì á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, atẹ́gùn á mú ẹ́ńjìnì tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ń gun òkè, tí èrò kún inú mọ́tò, tí AC sì ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ nínú omi gbígbóná á máa gba àbùjá padà síbi tó ti ń bọ̀, ẹ́ńjìnì á sì hó. Ìdí rèé tí mọ́tò kan náà fi ń tutù jù láàárọ̀, tó tún ń gbóná jù lọ́sàn-án, tí ẹni tó ni ín á wá máa sọ pé orí burúkú ni mọ́tò òun gbé wáyé. Mọ́tò kì í lórí burúkú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n yọ.

Ìtutù àpọ̀jù náà, àrùn ni. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ń wo sẹ́ńsọ̀ omi. Bó bá ń rí 60°C níbi tó ti yẹ kó rí 90°C, á gbà pé ẹ́ńjìnì ò tíì móoru, á sì máa fún un ní epo bíi pé ìdájí ni. Epo tí kò jóná tán á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri síléńdà, á kán wọ inú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, ríìngì tó yí písítọ́ọ̀nù ká á sì máa jẹ irin. Katalítíkì, ohun tó ń sẹ́ èéfín mọ́ lára sàlẹ́ńsà, náà á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò, yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ rí kóòdù P0128, ohun tó ń sọ nìyẹn: omi ò gbóná dé ibi tí tẹ́mósítáàtì yẹ kó gbé e dé. Àwọn kan á pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á gbowó, wọ́n á ní ó ti yanjú.

Kí ẹ tó de tẹ́mósítáàtì tuntun, ẹ dán an wò. Ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìsàlẹ̀, ẹ ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ inú omi, kí ẹ gbé e kaná. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Bó bá fi ju 3°C lọ yàtọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bó bá ní ihò kékeré tí irin wẹ́wẹ́ kan ń mì nínú rẹ̀, ihò náà gbọ́dọ̀ wà lókè, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn tó há sínú ẹ́ńjìnì ń gbà jáde.

Ó kan omi. Omi ẹ̀rọ lásán ń hó ní 100°C. Bí ìdérí ráńdíétọ̀ bá sé dáadáa, tó ń di agbára 1.1 bar mú, kò ní hó títí tó fi máa kọjá 120°C. Àbọ̀ kúláǹtì, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú àbọ̀ omi lábẹ́ ìdérí kan náà á kọjá 125°C. Àwọn tó ń bu omi lásán máa ń fi ìyàtọ̀ kékeré yìí ṣe àwíjàre, wọ́n á ní kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ a gbà fún wọn. Kì í ṣe torí híhó nìkan la ṣe ń bu kúláǹtì. Oògùn ìpata wà nínú rẹ̀. Láìsí i, alumíníọ̀mù á máa jẹrà, irin inú ẹ́ńjìnì á dípàtà, ẹfun inú omi ẹ̀rọ á lẹ̀ mọ́ inú àwọn ọ̀pá tóóró ráńdíétọ̀, abẹ̀bẹ̀ wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnì ká á sì jẹ tán. Bí ẹ bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù tí omi náà pọ́n bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ara ẹ́ńjìnì yín lẹ ń wò yẹn.

Ẹ má fi àwọ̀ ra kúláǹtì. Ewéko, pupa tàbí búlúù, ẹni tó pò ó ló yan àwọ̀ tó wù ú. Irú tí ìwé mọ́tò sọ ni kí ẹ wá lára ike. Irú àtijọ́ tó ní sílíkéètì, ọdún 2 ni ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irú tuntun tí wọ́n ń kọ OAT sí lára máa ń tó ọdún 5. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, agbára oògùn wọn á dínkù, nígbà mìíràn á sì dì bí ògì, á dí ráńdíétọ̀ pa. Ògidì kúláǹtì láìsí omi kò sàn jù, torí kì í gbé ooru tó omi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: bí ẹ bá fọ inú ẹ́ńjìnì, omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ kì í jáde tán, díẹ̀ á ṣẹ́kù sínú irin. Bí ẹ bá wá bu èyí tí wọ́n ti lú pọ̀ tán sí i, kò ní pé àbọ̀ mọ́. Bí mọ́tò bá ń gba lítà 5, ògidì lítà 2 àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kí ẹ tó fi omi tí wọ́n ti sọ di mímọ́, irú tí wọ́n ń bu sí bátìrì, kún un. Ẹ gbé imú mọ́tò sókè díẹ̀, ẹ yí hítà sí gbígbóná pátápátá, ẹ tú nọ́ọ̀tì atẹ́gùn bó bá ní i, kí ẹ máa da omi sí i jẹ́jẹ́ títí á fi máa ṣàn jáde níbẹ̀ láìsí fóòmù. Ẹ dè é. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ hóòsì òkè, èyí tó so ẹ́ńjìnì mọ́ òkè ráńdíétọ̀. Bó bá ti ń móoru, ẹ dé ìdérí, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi tàn, tó kú, tó tún tàn lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá tutù tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wò ó bóyá omi wà láàárín MIN àti MAX.

Ìdérí náà ńkọ́? Ìwọ̀n agbára wà lórí rẹ̀: 0.9, 1.1, 1.4. Èyí tí mọ́tò bá wá pẹ̀lú rẹ̀ ni kí ẹ dá padà. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ máa ń gan bó bá pẹ́, kò sì sí ohun kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rọrùn tó ìdérí láti pààrọ̀. Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, tí wọ́n á lọ ra ráńdíétọ̀.

Fáànù dárẹ́ẹ̀tì: wọ́n á já wáyà rẹ̀ kúrò lára ríléè, ìyẹn súìṣì tó ń tan fáànù nígbà tó bá yẹ, wọ́n á so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ kó máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan mọ́tò. Fáànù tí kò ṣe fún iṣẹ́ àṣekúdórógbó á jóná, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi so ó á yọ́, ohun tí kò jẹ́ kó tàn tẹ́lẹ̀ ò sì yí padà. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀, fúsì tàbí ríléè. Ẹni tó ní mítà á mọ èyí tó jẹ́ kó tó fọwọ́ kan sípánà. Ní ti àwọn tó ń fọ́ ẹyin tútù tàbí tó ń da ata gígún sínú ráńdíétọ̀ kó lè dí ibi tó ń jò, òótọ́ ni pé ó lè dí i. Yóò dí hítà pẹ̀lú, yóò dí ọ̀pá ráńdíétọ̀, ibi tó ń jò á sì tún là bí agbára bá ti pọ̀ nínú omi. Hóòsì tó ya, ẹ pààrọ̀ hóòsì.

Òpin gbogbo ìwọ̀nyí ni kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n fi dí àárín tọ́ọ̀pù síléńdà àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, jó. Àmì rẹ̀ nìyí: omi ń dínkù láìsí ibi tó ń jò. Hóòsì òkè ti le gbagidi nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ike omi ń yọ fóòmù. Èéfín funfun tó ń ta sánsán bí ohun dídùn ń jáde ní sàlẹ́ńsà. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, torí mọ́tò tí kì í rìn jìnnà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé sórí ike omi. Bí gáàsì ẹ́ńjìnì bá ń wọ inú omi, á yí sí yẹ́lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan.

Bí wọ́n bá wá tú u, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹni tó bá ń fi sáńdípépà ha tọ́ọ̀pù síléńdà lórí gíláàsì ń ba tiyín jẹ́. Irin gígùn tó tọ́ gan-an ni wọ́n ń gbé lé e, wọ́n á sì ki fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọ abẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré, bó bá ti wọ́ ju 0.05 mm lọ, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fá a. Nínú ọ̀pọ̀ wọn náà, bóòtì tó de tọ́ọ̀pù síléńdà máa ń nà nígbà tí wọ́n bá dè é, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tó bá dá bóòtì àtijọ́ padà ti ṣètò ìgbà tí ẹ máa padà wá. Láàárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dè é bọ̀ síta, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí i ní ìwọ̀n igun tí ìwé sọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bóòtì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Omi kì í ṣeé fún pọ̀. Bóòtì tó bá bá a nínú ihò á la irin ẹ́ńjìnì sí méjì, kò sì sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń tún ìyẹn ṣe.

Ìyókù ò le. Ẹ mọ̀ bóyá bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ni táímìn ẹ́ńjìnì yín, ìyẹn ohun tó ń so ìyípo òkè ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀: Fiesta 1.25 àti Peugeot 206 1.4 tó ń lo pẹtiróòlù, bẹ́líìtì ni. Ṣéènì ló wà lára Yaris. Bẹ́líìtì ń gbó nípa ọdún náà, kì í ṣe nípa kìlómítà nìkan, kí ẹ sì pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù pọ̀ mọ́ ọn bó bá jẹ́ òun ló ń yí i. Jazz àkọ́kọ́ tó ní ẹ́ńjìnì i-DSI ní pílọ́ọ̀gì 8, kì í ṣe 4, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ tiwájú nìkan. Òróró bírékì, ọdún 2 ni ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tó nípọn ju èyí tí ìwé sọ kò ní wo ẹ́ńjìnì tó ń mu ọ́ìlì sàn, á kàn pẹ́ kó tó dókè láàárọ̀ ni. Lára táyà, nọ́ńbà 4 tó parí DOT ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Abẹ́rẹ́ ooru inú ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í kúrò láàárín títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́, nítorí náà bó bá ti ń gòkè, kò sí àkókò. Èyí tó burú jù ni kó gòkè, kó wá já wálẹ̀ lójijì: omi ti tán lára sẹ́ńsọ̀ nìyẹn, atẹ́gùn ló ń wọ̀n. Ẹ pa AC, ẹ yí hítà sí gbígbóná pẹ̀lú fáànù rẹ̀ lókè pátápátá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí fún ó kéré tán ìdajì wákàtí, títí ẹ ó fi lè di hóòsì òkè mú láìjó yín, torí omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbóná ju 100°C lọ, ojú àti àyà ẹni tó bá ṣí i ló sì máa ń tú lé. Ẹ má da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì gbígbóná, irin á là. Bí ẹ bá sì rí i pé omi ti lọ, ẹ má wà á délé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ.