Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tí Guy Maddin sọ nípa Winnipeg? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Fíìmù wo là ń sọ ná?

My Winnipeg ni, tó jáde ní 2007. Olùdarí fíìmù ni Maddin, ọmọ bíbí ìlú Winnipeg ní Kánádà. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó ṣe fíìmù nípa ìlú rẹ̀. Ohun tó gbé wá ni ọkùnrin kan tó ń tòògbé nínú ọkọ̀ ojú irin, tó fẹ́ sá kúrò nílùú tí kò rí i ṣe. Maddin fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn: á ki ìlú náà tán, á tún bú u.

Ìyá tá à ń rí níbẹ̀, ṣé ìyá rẹ̀ ni?

Rárá. Ann Savage ni, òṣèré Hollywood ayé àwọn 1940. Ẹ wo ibi tí ọmọbìnrin ilé ti dé lóru, tó ní àgbọ̀nrín lòun fi mọ́tò gbá. Ìyá gbọ́ ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́ irun ẹranko, ó ní irọ́ ni, ọkùnrin ló lọ bá. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀.

Àwọn ẹṣin inú yìnyín ńkọ́?

Fíìmù ní iná lé àwọn ẹṣin wọ odò Red River, omi sì dì mọ́ wọn lọ́rùn. Orí wọn nìkan ló yọ sókè jálẹ̀ ìgbà òtútù, táwọn olólùfẹ́ ń nasẹ̀ láàárín wọn. Èmi ò gbà á gbọ́. Curzio Malaparte, òǹkọ̀wé ará Ítálì, ti kọ irú rẹ̀ nípa adágún Ladoga ní Rọ́ṣíà ní 1944.

Jámánì tó gba ìlú náà wá ńkọ́? Irọ́ yẹn ti pọ̀ jù!

Eléyìí gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1942, àwọn ará Winnipeg wọ aṣọ ológun Násì ti Jámánì tí wọ́n yá láti Hollywood, wọ́n "gba" ìlú. Wọ́n mú olórí ìjọba Manitoba, ìpínlẹ̀ tí Winnipeg wà, wọ́n mú olórí ìlú, wọ́n sì dáná sun ìwé níwájú ilé ìkàwé. Eré ni, káwọn aráàlú lè fojú rí ohun tó lè dé, kí wọ́n sì yá ìjọba lówó ogun. If Day ni wọ́n pè é, ìyẹn "Ọjọ́ Bó Bá Ṣẹlẹ̀".

Kí ló dé tí kò ya òótọ́ sọ́tọ̀?

Maddin gbà pé àwọn ará Kánádà kò mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn ara ẹni di ńlá. Ó wá fi ohùn kan náà sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ àtèyí tó hùmọ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni: ẹni tó bá gba ti ẹṣin gbọ́ á máa jiyàn lórí ti 1942.

Ṣé kò síbi tó ti bọ́ ìbòjú?

Ó wà, níbi pápá họ́kì Winnipeg Arena tí wọ́n wó ní 2006. Ó ní inú yàrá ìpààrọ̀-aṣọ ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, àsọdùn rẹ̀ náà nìyẹn. Àmọ́ bínú ló ń bínú sí àwọn tó wó o, kò sì fi àwàdà bò ó. Àwòrán ìwólulẹ̀ tó sì fi hàn wá níbẹ̀, ojúlówó ni.