Kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: bí kíkọ́ ará àdúgbò ní kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù keje ọdún 1995, NTIA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Àwọn tó máa ń ka ènìyàn fún ìjọba ló bá wọn lọ láti ilé dé ilé: ṣé ẹ ní tẹlifóònù? Ṣé ẹ ní kọ̀ǹpútà? Ṣé ẹ ní módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ okùn tẹlifóònù? Èsì tó jáde kò lè ya ẹni tó mọ àdúgbò mẹ̀kúnnù lẹ́nu. Tálákà ìgbèríko àti tálákà àárín ìlú ńlá ni nǹkan wọ̀nyí jìnnà sí jù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń mú ìtàn àlàfo díjítà, èyíinì ni ìyàtọ̀ àárín ẹni tó rí kọ̀ǹpútà lò àti ẹni tí kò rí i lò, bẹ̀rẹ̀ láti 1995, bí ẹni pé ìjọba ló kọ́kọ́ rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ka ilé, àwọn kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ ará àdúgbò ní kọ̀ǹpútà fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí wọ́n sì ń wò yàtọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó wà nínú ilé ni wọ́n ń wò, ohun tí onílé lè fi ẹ̀rọ ṣe ni.

Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, a ó bá a ní Berkeley, ní Kalifóníà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1973. Lee Felsenstein, Efrem Lipkin, Mark Szpakowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Teletype kan sí òkè àtẹ̀gùn ilé ìtajà àwo orin kan, Leopold's Records, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí àwọn olórin ti máa ń lẹ ìwé ìkéde mọ́. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé páálí ni wọ́n fi bò ó. Okùn tẹlifóònù ló so ó pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan ní San Francisco. Wọ́n pè é ní Community Memory. Àṣẹ méjì péré lèèyàn ní láti mọ̀: ADD láti fi ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, FIND láti wá ọ̀rọ̀ jáde. Ẹnì kan sì máa ń jókòó tì í láti fi han ẹni tó bá dúró.

Àsìkò yẹn, ohun ogun àti ohun ilé iṣẹ́ ńlá ni kọ̀ǹpútà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tó gbé e síbẹ̀ sì ti múra sílẹ̀ de èébú. Wọn kò rí èébú. Àwọn tó ń wá yàrá àti iṣẹ́ lò ó bí wọ́n ṣe rò, ṣùgbọ́n àwọn olórin náà gbà á, akéwì gbà á. Ẹnì kan béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta bagel tó dáa, èyíinì ni búrẹ́dì róbótó tó ní ihò láàárín. Lára ìdáhùn tó rí gbà ni ti ẹnì kan tó ti ń ṣe é rí, tó ní òun yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìdánwò yẹn kò pé ọdún méjì tó fi parí, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ará àdúgbò kò sá fún ẹ̀rọ bí ẹ̀rọ bá wá bá wọn ní ibi tí wọ́n wà.

Ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi ni Antonia Stone, olùkọ́ ìṣirò ní New York. Òun ni mo fi ṣíwájú gbogbo àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde nínú ìtàn kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1980 ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Playing to Win. Àwọn tí kò sẹ́ni tó ń rò tiwọn mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ lọ bá: àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹ̀wọ̀n bọ̀ sí ìgboro. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1983, ó ṣí ilé ìkọ́ kọ̀ǹpútà sí Harlem, àdúgbò kan ní New York, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé kan tí ìjọba kọ́ fún àwọn tówó wọn kò tó. Ẹ rántí pé ọdún 1981 ni IBM ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ jáde. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò tíì wọ ilé olówó tán nígbà tí obìnrin yìí ti ń gbé e lọ fún tálákà.

Kí ló rí tí àwọn yòókù kò rí? Àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn ti ń ṣàkíyèsí nǹkan kan. Níbi tí àwọn ilé ìwé méjèèjì bá tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ní ilé ìwé ọmọ olówó, ọmọ ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ní ilé ìwé tálákà, ẹ̀rọ ló ń pàṣẹ fún ọmọ: parí ìṣirò yìí, tẹ bọ́tìnnì, ó di òmíràn. Gbígbé ẹ̀rọ síwájú ènìyàn nìkan kò lè wo àrùn yẹn sàn. Ní Harlem, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọdé àti àgbà, kálukú sì mú ohun tó ń wá lọ́kàn wá: ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹni tó fẹ́ mọ ìwé kà, ọmọ tó fẹ́ ṣeré. Títí di òní, mi ò tíì rí ìlànà tó dára ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó fi máa di 1990, àwọn ilé ìkọ́ bíi mélòó kan ní Harlem, Boston, Washington àti Pittsburgh ti so okùn pọ̀. Ní 1992, National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi owó ṣe ìrànwọ́ kí àjọṣe náà lè gbòòrò, ó sì di èyí tí wọ́n ń pè ní CTCNet, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkọ́ kọ̀ǹpútà àdúgbò. Ẹ fi ọdún 1992 wé 1995 ti ìwé ìjọba. Stone kú ní 2002.

Àwọn mìíràn náà ń dá tiwọn ṣe níbòmíràn. Ní 1985, Henning Albrechtsen ṣí ilé kan sí Vemdalen, abúlé kan láàárín òkè ní Swídìn. Ìbẹ̀rù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Harlem: kì í ṣe òṣì ni, bí kò ṣe pé iṣẹ́ tuntun yóò dúró sí ìlú ńlá, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì tẹ̀ lé e lọ. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò kékeré ni wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Àwòṣe yẹn ran dé Dẹ́nímáàkì, Gẹ̀ẹ́sì, Họ́ngárì àti Ọsirélíà. Ní 1986, Mary Furlong dá SeniorNet sílẹ̀ ní San Francisco fún àwọn àgbàlagbà. Ní 1995, Rodrigo Baggio bẹ̀rẹ̀ ní Rio de Janeiro, ní Dona Marta, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Kíkó kọ̀ǹpútà àlòkù jọ fún àwọn ọ̀dọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó rí i pé ẹ̀rọ láìsí olùkọ́ kò tó nǹkan. Ló bá sọ ọ́ di ilé ìwé tí ará àdúgbò fúnra wọn ń darí.

Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ní 1998, M. S. Swaminathan Research Foundation bẹ̀rẹ̀ àwọn ilé ìmọ̀ ní àwọn abúlé agbègbè Pondicherry. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn ará abúlé fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kankan kalẹ̀. Èdè Tamil, èdè àwọn ará ibẹ̀, ni wọ́n fi ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n ní ilé náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, títí kan àwọn tí àwùjọ ń fojú ẹni ìsàlẹ̀ wò. Nítorí iná tí kò dúró, wọ́n fi agbára oòrùn kún un. Ní àwọn abúlé apẹja, òṣìṣẹ́ a máa wa ìròyìn gíga ìgbì òkun jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ológun ojú omi Amẹ́ríkà, a sì kà á síta lórí gbohùngbohùn. Apẹja tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ń jàǹfààní rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2004, ọmọ abúlé Nallavadu kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Singapore tẹ ilé láago pé tsunami, ìgbì òkun ńlá tó ń ya wọ ilẹ̀, ń bọ̀. Gbohùngbohùn yẹn ni wọ́n fi kéde. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn tó sá là. Ta ni ìbá ka ìyẹn mọ́ iye kọ̀ǹpútà inú ilé?

Èrò kan tó tako gbogbo èyí jáde ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà. Ní 1999, Sugata Mitra ri kọ̀ǹpútà kan mọ́ ara ògiri ní Kalkaji, New Delhi, fún àwọn ọmọ àdúgbò, láìsí olùkọ́. Wọ́n kọ́ ara wọn ní òye díẹ̀, ìròyìn náà sì kárí ayé. Ṣùgbọ́n Mark Warschauer, ọ̀mọ̀wé tó lọ wo ibẹ̀, ròyìn pé íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ṣiṣẹ́, pé kò sí ohun tí wọ́n lè kà ní èdè Hindi, eré àti yíyàwòrán ló sì gba ọ̀pọ̀ àkókò wọn. Ó rọrùn láti rí ìdí tí àwọn tó ń náwó fi fẹ́ràn ti ògiri: ògiri kì í gba owó oṣù.

Ní Nakaseke ní Ùgáńdà, níbi tí UNESCO àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé ìbánisọ̀rọ̀ kan sí ní 1999, wọ́n ṣe àwo CD tó ń sọ̀rọ̀ ní Luganda fún àwọn obìnrin àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kà. Ìyá àgbà kan lára wọn mọ̀ ọ́n lò débi pé òun ló wá ń lọ fi han àwọn mìíràn.

Ìjọba Amẹ́ríkà náà gbọ́n sí i. Ní 1999 ni owó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ilé ìkọ́ àdúgbò, kó tó tún gbẹ láàárín ọdún díẹ̀. Àrùn kòrónà ló tún jí ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2020. Àwọn ilé ìkàwé kan rí i pé ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pè é lórí fóònù lásán, kí wọ́n bá a wá ẹ̀rọ àti ìsopọ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e títí yóò fi lè ṣe ohun tó ní òun fẹ́ ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, òfin tuntun ya bílíọ̀nù 2.75 dọ́là sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Trump ní òun fagi lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn tó ti rí owó náà gbà pé ó ti parí.