Mánátì Kì í Ṣe Ẹja, Málímbè Ìbàdàn Kì í Ṣe Ẹ̀gà Lásán

Àwọn ènìyàn máa ń bi àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko pé kí ni èrè títò tí à ń to ẹranko ní ìdílé-ìdílé. Bí a bá ṣì í mọ̀, a ó ṣì í tọ́jú ni.

Ẹ wo mánátì, ẹran ńlá tó ń gbé inú ọ̀sà àti ẹnu odò láti Senegal dé Àǹgólà. Nítorí pé inú omi ló wà, ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní ẹja. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń mí, abẹ́ apá rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sì ti ń mu ọmú. Ẹ yẹ apá tó fi ń wẹ̀ wò, ẹ ó rí èékánná létí rẹ̀. Erin àti òfàfà tó máa ń ké lóru nínú igbó ni ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹja lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan. Mánátì á lóyún fún bí ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Bí wọ́n bá ń pa á bí ẹni pa ẹja, kò lè bí tó èyí tó ń kú. Ní 2013, CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ka títà á fún owó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀.

Málímbè Ìbàdàn, ẹyẹ olórin, ìdílé ẹ̀gà ló ti wá, ó sì ń hun ìtẹ́ bíi tiwọn. Ẹyẹ dúdú ni, pupa wà ní orí àti àyà akọ. Ó jọ málímbè olórí pupa tí wọ́n jọ ń gbé igbó kan náà, àfi ìgbà tí Elgood, onímọ̀ ẹranko tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn, yà á sọ́tọ̀ ní 1958. Ká ní kò yà á ni, à bá kà á mọ́ èkejì tó pọ̀ káàkiri, ìran rẹ̀ ìbá sì parẹ́ láìsí ẹni tó fura.

Kò sí ọdẹ tó ń lé e. Igbó ló ń tán mọ́ ọn lórí: kò sí níbòmíràn láyé ju agbègbè Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìperu àti Ìlaròó lọ, igbó tí IITA, ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, dá sí sì wà lára ibi tó kù fún un. Nínú àkọsílẹ̀ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó lè parẹ́, ewu tirẹ̀ fi ìpele kan ju ti mánátì lọ. Òfin tó ní kí a má pa ẹran nìkan kò lè gbà á là.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní agbègbè yẹn, ẹ má gé igi ńláńlá yín tán. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ìṣùpọ̀, tìtàkùn-tìtàkùn. Ẹ̀yin apẹja, bí mánátì bá há sí àwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ gbé imú rẹ̀ yọ lókè omi kí ó lè mí, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé àwọ̀n.